Láti Mile 12 sí Mọníyà: Bí ará Kòsọ̀fẹ́ ṣe lè sùn lẹ́bàá igbó, kó sì jí sí ohùn ẹyẹ

Agogo mẹ́rin ìdájí kì í pé tán kí ọjà Mile 12 tó jí. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó kó tòmátò, ata rodo àti àlùbọ́sà ti Òkè Ọya wá á ti tò sí etí títì, àwọn alábàárù á máa pariwo pé kí ènìyàn yà fún àwọn, agbèrò á máa pe Ìkòròdú, á máa pe Ọjọ́ta, jẹnẹrétọ̀ á sì máa dún lọ́tùn-ún lósì. Ìyá tó bá ti fi ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún tajà níbẹ̀ kò mọ̀ mọ́ pé ariwo ń bẹ, àfi ọjọ́ tó bá lọ sí abúlé fún ìsìnkú tí kò rí oorun sùn nítorí pé ibẹ̀ dákẹ́ jù.

Àwọn àgbà ló sọ pé ìlera loògùn ọrọ̀. Ohun tó dùn mọ́ni ni pé àwọn ọmọ tó ti là lára irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, yálà èyí tó wà ní Èkó níbí tàbí èyí tó wà lókè òkun, ti ń ṣẹ́ owó sílẹ̀ kí òbí wọn lè fún ara ní ìsinmi ọjọ́ mélòó kan. Ibi tí wọn yóò lọ ló máa ń di àríyànjiyàn. Ẹni tí kò bá dárúkọ Lọ́ńdọ̀nù á dárúkọ Dubai, bẹ́ẹ̀ físà kò rọrùn, owó ọkọ̀ òfuurufú sì ti ga ju ohun tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ń tó. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò tíì gbọ́ ni pé ibì kan wà tí kò ju ìrìnàjò wákàtí díẹ̀ lọ láti Kétu, tí ènìyàn ti lè sùn sí yàrá tó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ńlá, kó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn ẹyẹ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí ènìyàn lọ sí ìgbèríko lọ sinmi nítorí ẹyẹ kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdílé kan lè háyà ilé kékeré ní abúlé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kì í ṣe nítorí òkú, kì í ṣe nítorí ìyàwó. Wọ́n á wọ bàtà òjò, wọ́n á gbé awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú kọ́ ọrùn, wọ́n á sì lọ jókòó sẹ́bàá àbàtà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, wọ́n ń ka ẹyẹ. Ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ nílẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní RSPB, ti wà láti ọdún 1889, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ọmọ Yorùbá tó bá ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí á ti rí aládùúgbò tó ń ra oúnjẹ fún ẹyẹ tí kì í ṣe tirẹ̀, tó ń gbé e kọ́ ara igi lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé á kọ́kọ́ rò pé orí onítọ̀hún kò pé.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá rò ó síwá sẹ́yìn, Yorùbá ti ní tirẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ará Ìbàdàn àtijọ́ ní ilé ní ìgboro, ó sì ní abà ní oko. Ó lè lo oṣù méjì tàbí mẹ́ta ní abà nígbà tí kòkó bá pọ́n, kó tó padà sí ìgboro fún ọdún, fún ìgbéyàwó tàbí fún ìpàdé ẹbí. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi koríko tàbí páànù bò ni abà yẹn, ìkòkò omi á wà ní kọ̀rọ̀, iná kì í kú láàrò. Àwọn àgbà tó ń ka ojú ewé yìí á rántí pé kì í ṣe àkùkọ nìkan ló ń jí ènìyàn níbẹ̀. Àparò á ti ké nínú ewéko, àdàbà á máa kù lórí igi. Bí kòwéè bá sì fi lè ké lóru, àwọn ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ládùúgbò. Àìmọye ọmọ abà ló ti mọ ohùn oríṣiríṣi ẹyẹ yàtọ̀ sí ara wọn kó tó mọ A, B, D.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àgbẹ̀ kò ráyè máa wo ẹyẹ fún ìgbádùn. Olè ni ẹyẹ lójú rẹ̀. Àparò ń hú àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlẹ̀, odídẹrẹ́ ń jẹ ẹyìn lórí ọ̀pẹ, ẹ̀gà sì ń ya imọ̀ ọ̀pẹ wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ẹni pé wọ́n háyà rẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ọmọ tí wọ́n bá ní kó lọ máa lé ẹyẹ ní oko ìrẹsì kì í fẹ́ rí ẹyẹ sójú títí di alẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó ṣì wà ní oko dòní olónìí lè máa bi ara yín pé kí ni ènìyàn ń sanwó sí, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni ẹyẹ ń dà yín láàmú. Ìbéèrè gidi ni.

Bóyá inú ìwúre àwọn àgbà ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Agbe, àlùkò àti lékèélékèé kì í wọ́n nínú ìwúre Yorùbá, nítorí àwọ̀ aró, àwọ̀ osùn àti àwọ̀ ẹfun tó wà lára wọn. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lékèélékèé nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí sí Ìkosì tàbí Ògùdù lè nàka sí. Inú ẹgàn ni agbe ń gbé, ẹgàn sì ti di pákó, ó ti di oko, ó ti di ilé. Ẹlòmíràn ti ń ṣe àmín sí orúkọ agbe fún àádọ́ta ọdún láìfojú kan ìyẹ́ rẹ̀ rí. Odídẹrẹ́ tó ni ìkóóde kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti kó o tà débi pé ní ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò ní ìlú Johannesburg pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú èyí tó ń gbé inú igbó tà láti ilẹ̀ kan sí èkejì mọ́. Igún, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ odò ẹran ló máa ń wà láyé àtijọ́ tí kò sẹ́ni tó kà á sí, ni àwọn onímọ̀ kọ sínú ìwé ní ọdún 2015 pé ó ti wà ní bèbè àkúrun.

Ibi tí ará Kétu ti lè rí díẹ̀ nínú ohun tó ṣẹ́kù ni ọgbà IITA ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Àwọn àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa nípa ẹ̀gẹ́, iṣu, ẹ̀wà, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀ igi ẹ̀gẹ́ tó ń so dáadáa tí wọ́n ń gbìn káàkiri ló ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà ilẹ̀ tó wà nínú ọgbà náà, nǹkan bí 350 ni igbó. Kì í ṣe pé igbó yìí wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ o. Oko àti abúlé wà lórí ilẹ̀ náà kí IITA tó dé. Nígbà tí wọ́n ṣọgbà yí i ká, tí ọkọ́ àti àdá dákẹ́ ní apá ibi tí wọn kò lò, igbó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde fúnra rẹ̀, àwọn igi ńlá bí ìrókò àti àràbà sì rí àyè nà. Ó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún báyìí. Láti 2010, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ àjọ Leventis, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í hù irúgbìn igi ìbílẹ̀ láti fi kún èyí tó wà nílẹ̀.

Irú ẹyẹ tí wọ́n ti kà nínú ọgbà náà lé ní igba. Ilé àlejò wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní International House, adágún omi ńlá sì wà tí wọ́n ṣe nípa dídí odò. Kì í ṣe ilé alámọ̀ bíi ti abà àtijọ́, omi ẹ̀rọ ń yọ, ibùsùn sì dára, àmọ́ àlejò tó bá fẹsẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lásán á ti bá ara rẹ̀ níbi tí kò ti ní gbọ́ ohùn ọkọ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà láti débẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba orí títì á wọkọ̀ ní Ọjọ́ta tàbí Berger, á gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978, bó bá sì ti dé Ìbàdàn, á gba Ọ̀jọ́ọ̀ kọjá sí ìhà Mọníyà. Àwọn tí ẹ̀rù súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ń bà lè lọ sí Agége lọ wọ rélùwéè tuntun, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Kìlómítà 157 ni ọ̀nà irin náà, Mọníyà gan-an ló sì parí sí, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ. Láti ibẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà IITA kò jìnnà mọ́. Àwọn tó ti rìn ín rí kò ní kọ̀ pé ojú fèrèsé rélùwéè fúnra rẹ̀ tó ìran wò, pàápàá lẹ́yìn tí ó bá ti fi àwọn ilé Agbádò sílẹ̀, tí oko àti igbó kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Ẹ má kàn gbéra lọ bá wọn bí ẹni ń lọ kí ẹbí. Ọgbà ìwádìí ni, ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì yẹ kí ènìyàn ti pè wọ́n tẹ́lẹ̀ láti gba yàrá, kó sì bèèrè ẹni tí yóò mú un wọ inú igbó. Ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kó wọ̀, nítorí ìjàlọ kò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé. Aṣọ tó pupa fòò tàbí tó funfun báláú kò dára, ẹyẹ á ti rí ènìyàn kí ènìyàn tó rí i. Rédíò ní tirẹ̀, ilé ni kó wà. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ọ̀nà inú igbó máa ń gbẹ, ó sì rọrùn fún àgbàlagbà láti rìn. Ìgbà náà ni àwọn ẹyẹ tó sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù sì wà lọ́dọ̀ wa, tó fi mọ́ ìbátan alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ilé wa tó máa ń kọ́ ilé sí inú àká àwọn àgbẹ̀ òyìnbó.

Òwúrọ̀ kùtù ni ọjà ẹyẹ máa ń kún. Ní nǹkan bí agogo mẹ́fà, bí ojú ọ̀run bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, ọ̀kan á ké nísàlẹ̀ nínú igbó, òmíràn á dá a lóhùn lókè, kí ènìyàn tó mọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti dàpọ̀ mọ́ra. Àtíòro á fò kọjá pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tó tóbi ju orí lọ, ìyẹ́ rẹ̀ á máa dún bí ẹni ń gbọn aṣọ. Lójú omi, ẹyẹ kan wà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé orí ewé òṣíbàtà àti ojúoró ló ń rìn lọ rìn bọ̀ láì rì. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó bá fi máa di agogo mẹ́sàn-án, oòrùn á ti mú, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti dákẹ́, àlejò á padà lọ jẹun, á sùn, á sì tún jáde ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò jù báyẹn lọ. Ẹni tó bá ti fi gbogbo ayé rẹ̀ sáré kì í kọ́kọ́ mọ bí yóò ti ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹyẹ tó ń mú kí àwọn òyìnbó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Ìbàdàn kò tóbi ju ẹ̀gà lọ. Ìbátan ẹ̀gà gan-an ni. Ní 1951 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Ìbàdàn. J. H. Elgood, tó jẹ́ olùkọ́ nípa ẹ̀kọ́ ẹranko ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn nígbà náà, ló kọ̀wé sí aráyé ní 1958 pé ẹyẹ tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni ni, ó sì fi orúkọ ìlú náà sọ ọ́, Malimbus ibadanensis. Ara rẹ̀ dúdú, orí akọ sì pupa títí dé àyà. Pupa ti abo kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan tó jọ ọ́ wà nínú igbó kan náà, èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n gan-an lè ṣì í mú. Orí igi lókè téńté ló ti ń wá kòkòrò jẹ, ó sì máa ń bá àwọn ẹyẹ mìíràn kẹ́gbẹ́ rìn. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kó dúpẹ́, ẹlòmíràn ti sùn síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí kò rí i.

Ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ẹyẹ yìí ń gbé nínú gbogbo ayé. Ibi tí wọ́n ti rí i rí kò ju agbègbè Ìbàdàn, Gambari, Ìpẹru, Ìlaró àti Ifẹ̀ lọ. Nígbà tí Elgood wà ní Ìbàdàn, kò ṣòro rí ní àyíká ìlú náà. Bí ìlú ṣe ń fẹ̀, tí wọ́n ń gé igi, tí igbó ń di ilẹ̀ títà, ó ń dín kù, títí tí wọ́n fi kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu ìparun. Ọ̀mọ̀wé Shiiwua Manu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n wọ ọ̀pọ̀ igbó tó ṣẹ́kù ní ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà láti ka ẹyẹ, gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní 2007. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí igbó kan bá ṣe dá wà tó, tó jìnnà sí igbó mìíràn, ni oríṣi ẹyẹ inú rẹ̀ ń dín kù tó. Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ igbó IITA gba àròjinlẹ̀. Ògiri ilé ń súnmọ́ ọgbà náà láti ìhà Ọ̀jọ́ọ̀, láti ìhà Àjíbọ̀dé àti láti ìhà Mọníyà. Ẹ̀ṣọ́ lè lé ọdẹ àti agégi jáde, àmọ́ ẹ̀ṣọ́ kò lè bá ẹyẹ fi igbó sí ojú ọ̀nà tí yóò gbà dé Gambari.

Ìbàdàn ní òkìkí lóríṣiríṣi. Wọ́n mọ̀ ọ́n fún àmàlà, wọ́n mọ̀ ọ́n fún ogun, fún Cocoa House àti fún yunifásítì. Ó ya ni lẹ́nu pé ẹyẹ kan ṣoṣo tó ń jẹ́ orúkọ ìlú náà jákèjádò ayé, ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rí, débi tí ará Mile 12 yóò ti gbọ́. Owó tí àlejò bá fi sun ilé àlejò kò lè dá igbó padà. Àmọ́ ibi tí ènìyàn ń san owó láti wò, kì í yá ara ẹnikẹ́ni láti fi katakata wó o lulẹ̀.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ti oorun, tàbí tí kò lè fi ọjà sílẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ, lè lọ sí ọgbà Lekki Conservation Centre kó sì padà lọ́jọ́ kan náà. Hẹ́kítà 78 ni ọgbà náà. Àjọ NCF, tí Olóyè Shafi Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ló ṣí i ní 1990. Ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀, afárá orí igi tó gùn tó mítà 401 sì wà níbẹ̀ láti ìparí ọdún 2015. Àgbàlagbà tí orí ń kọ́ ní ibi gíga, kó má gùn ún, ìsàlẹ̀ náà ní ẹyẹ.

Èyí tó dùn nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹni tó bá ti wo ẹyẹ ní Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́ta, bó bá sọ̀kalẹ̀ padà ní Kétu, ojú rẹ̀ kì í rí Kétu bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kòsọ̀fẹ́ fúnra rẹ̀ ní omi àti àbàtà. Odò Ògùn tó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣàn wá, tó gba Abẹ́òkúta kọjá, ẹ̀yìn Mile 12, Òwòdè àti Àgbóyì ló gbà wọ inú ọ̀sà. Ará Àgbóyì ṣì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé. Nínú eèsún àti koríko etí odò yẹn, ẹ̀gà ń hun ilé, ẹyẹ apẹja ń já lu omi bí òkúta, àwòdì ń yí lókè ọjà, ó ń wá ohun tí yóò gbé. Ní ààtàn Olúṣòsùn ní Ọjọ́ta, tí wọ́n ti ń da ilẹ̀ sí láti 1992, lékèélékèé ló ń bá àwọn tó ń ṣa irin àti ike rìn lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wa yanrìn nínú odò náà ni àwọn mìíràn ń fi yanrìn dí àbàtà láti fi tà fún onílé. Àwọn tó ń gbé Àjégúnlẹ̀, Àgìlítì àti ẹ̀yìn Ìkosì mọ ohun tó ń tìdí rẹ̀ yọ. Nígbà tí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì ṣí omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní 2010, inú yàrá ni omi tí kò rí àbàtà dúró sí máa ń wá. Ẹyẹ á fò lọ sí ibòmíràn ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá àti ọmọ ló máa ń kó ẹrù lé orí.

Bó bá di nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, lékèélékèé á tò lẹ́sẹẹsẹ kọjá lókè títì Ìkòròdú, lórí àwọn ọkọ̀ tó há sójú kan, wọ́n ń wá igi etí omi tí wọn yóò sùn sí. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kì í sábà gbójú sókè. Àwọn ọmọ tó ń kiri omi tútù láàárín ọkọ̀ ló máa ń rí wọn, wọ́n á gbé igbá sílẹ̀, wọ́n á na ìka mẹ́wàá sókè, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún àwọn ní funfun èékánná.